Ẹ̀rọ Ìtẹ̀fọ́tò Tí Màámi Dá Padà

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju páálí bàtà ọmọdé lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, orí mi ṣì ń dàrú díẹ̀ tí mo bá rántí!

Ṣẹ́gun ni orúkọ mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe, ìyẹn éésì. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Igbó Ẹfọ̀n, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ńláńlá pọ̀ sí lẹ́bàá expressway. Ilé tí èmi, ìyàwó mi Rónkẹ́ àti àwọn ọmọ wa méjèèjì háyà kò jìnnà sí Thomas Estate. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rọ ń bà lẹ́rù. Ẹ̀rọ ni mo fi ń jẹun! Àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní pírìntà, sọ mí di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Màámi ni mo fẹ́ rà á fún. Màámi kọ́ ló bí mi o, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Màámi ló wá mú mi lọ sí Eleko, ẹja yíyan tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi tọ́ mi títí mo fi kọ́ṣẹ́ tán. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà di òní, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tí ọkọ wọn fi sílẹ̀, kò jìnnà sí ibi tí àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí.

Ohun kan ṣoṣo ni Màámi máa ń bèèrè lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe owó. Kì í ṣe aṣọ. Fọ́tò ni!

Mo lè pè wọ́n lórí fóònù báyìí, kí a kíra wa tán, kí wọ́n bèèrè àlàáfíà Rónkẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí kò ní ju fọ́tò lọ. "Ṣẹ́gun, fọ́tò àwọn ọmọ dà? Èyí tó wà lára ògiri mi yìí, eyín Dámilọ́lá ò tíì hù tán níbẹ̀." Èmi á ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé fọ́tò wà nínú fóònù mi rẹpẹtẹ. Wọ́n á ní ojú àwọn kò sí nínú fóònù mi.

Nígbà kan rí, fọtogíráfà kan wà tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìjọ aláṣọ funfun ni. Bó bá yà wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, Ìsinmi tó ń bọ̀ ló máa gbé fọ́tò wọn wá nínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù. Ọkùnrin yẹn ti kógbá iṣẹ́ náà sílé tipẹ́. Ta ló tún ń pe fọtogíráfà, nígbà tí gbogbo èèyàn ti ní kámẹ́rà nínú àpò?

Nígbà tí àádọ́rin ọdún Màámi wá ń sún mọ́, mo jókòó, mo ronú ẹ̀bùn tí mo lè fún wọn. Lójijì ni ọgbọ́n kan dé! Kí ló dé tí mi ò ra odindi ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò fún wọn? Kékeré kan tí èèyàn lè lò nílé, tí apá mi á ká. Kí wọ́n máa fúnra wọn tẹ èyí tó bá wù wọ́n, nígbà tó bá wù wọ́n.

Mo sọ ọ́ fún Rónkẹ́. Ó ní, "Bàbá Dámi, ẹ ò ṣe kúkú jẹ́ ká tẹ mélòó kan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ká gbé e lọ fún wọn bí a ṣe máa ń ṣe?"

Mo ní ìyẹn ti kéré jù fún àádọ́rin ọdún. Ó wò mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó mọ ohun tí irú ìwò yẹn túmọ̀ sí. Èmi náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀ wà ní Ajah, kò jìnnà sí ọjà. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ jù! Mo ní mo fẹ́ pírìntà fọ́tò tí kò wọ́n. Ó ní ṣé inkjet ni àbí laser? Mo ní èyí tó ń tẹ fọ́tò ni. Ó ní méjèèjì ló ń tẹ̀wé. Mo ní kí ló wá yàtọ̀ nínú wọn? Ó ní ó sinmi lórí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi tẹ fọ́tò! Ẹ ò rí i pé a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ó ní kí n fún òun ní fọ́tò kan kí òun fi hàn mí. Mo fi ti Dámilọ́lá ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ náà ké, ó gbọn, ó tu ìwé kan jáde. Inú mi dùn, mo na ọwọ́ gbà á. Ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi bá yọ́ mọ́ mi ní àtàǹpàkò! Yíǹkì tútù ni. Ọkùnrin yẹn ní ìwé lásán ni òun fi tẹ̀ ẹ́, pé fọ́tò ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ń dán. Ó tún ní bí èèyàn kò bá lo ẹ̀rọ yẹn déédéé, yíǹkì rẹ̀ máa gbẹ sí i lẹ́nu, àfi kí wọ́n tú u. Ó ní ṣé lójoojúmọ́ la ó máa lò ó?

Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún? Lójoojúmọ́?

Mo ní èkejì ńkọ́. Ó ní ìyẹn kò ní yíǹkì olómi, àtíkè ló ń lò, àmọ́ èyí tí owó mi ká dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bó ṣe rí i pé ojú mi ti rẹ̀wẹ̀sì, ó sá wọlé, ó gbé ohun kékeré kan jáde tó ṣe é fi sápò. Ó ní èyí kì í lo yíǹkì rárá, kì í lo àtíkè.

Mo ní, "Kí ló wá ń lò? Epo pupa?"

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọ̀ ti wà nínú ìwé rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, pé iná inú ẹ̀rọ ló máa jí i. Àwọ̀ wà nínú ìwé funfun tí mo ń wò pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, tí mi ò rí àwọ̀ kankan lára rẹ̀? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Lọ́kàn mi, mo ti gbà pé gbájúẹ̀ ni. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ níbikíbi tó bá wà.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní tòkunbọ̀ ni kí n rà. Mo bi òmíràn, ó ní bí mo bá ra tòkunbọ̀ mo ti gbé ìjà wọlé. Mo wo fídíò lórí fóònù, àwọn òyìnbó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ọ̀kan ń yin èyí, èkejì ń bú u. Lọ́jọ́ kan, mo wà lórí àkàbà ní ọ́fíìsì oníbàárà mi kan, mò ń tú éésì rẹ̀ wò. Ó bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní, "Ọ̀gá, ó jọ pé yíǹkì rẹ̀ ló ti gbẹ." Ọ̀gá yẹn wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Gáàsì ni mo fẹ́ sọ!

Obìnrin kan ló yọ mí. Àǹtí Ṣadé la máa ń pè wọ́n, wọ́n ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn ohun èlò rẹ̀ lójú ọ̀nà tó wọ àdúgbò wa. Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi ni pé Àǹtí Ṣadé kò bi mí nípa ẹ̀rọ kankan. Wọ́n ní ta ni mo fẹ́ fún? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé iná wà níbi tí wọ́n ń gbé? Mo dáhùn, mo dáhùn. Wọ́n wá ní, "Irú fóònù wo ni Màámi ń lò?"

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni Màámi ń lò! Kékeré tó ní bọ́tìnnì, tí wọ́n fi rọ́bà dè lẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì wò, inú fóònù ńlá ni wọ́n ti ń fa fọ́tò. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ jẹun, kò ronú kan fóònù ìyá rẹ̀!

Àǹtí Ṣadé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sílẹ̀ níwájú mi, òun ni mo sọ pé kò ju páálí bàtà ọmọdé lọ. Ó ní ojú gíláàsì kékeré kan lórí tó ń fi fọ́tò hàn, ó sì ní ihò tí wọ́n ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀. Kò nílò fóònù. Kò ní yíǹkì olómi tó lè gbẹ, ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ló ń lò, wọ́n sì ń ta ríbọ́ọ̀nù àti ìwé rẹ̀ pọ̀ nínú páálí kan náà, tí ọ̀kan bá tán, èkejì náà tán. Ínfátà sólà kékeré tí mo ṣe fún Màámi nítorí fáànù wọn lè gbé e. Owó rẹ̀ sì wà níwọ̀n ohun tí mo yà sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bẹ̀bẹ̀ díẹ̀.

Mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Mo ní kí gbogbo ilé wá wò ó. Mo ki káàdì bọ̀ ọ́, mo wá fọ́tò Dámilọ́lá rí, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ń dún fììì. Ìwé yọ orí jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀! Yẹ́lò láti orí dé ẹsẹ̀, kò sí àwọ̀ mìíràn níbẹ̀. Dámilọ́lá fúnra rẹ̀ figbe ta pé, "Dádì, kí lẹ fi mí ṣe?"

Mo ti fa fóònù yọ, mo ti pe Àǹtí Ṣadé. Mo ń sọ̀rọ̀ kíkan kíkan pé ẹ̀rọ tí wọ́n tà fún mi ti bàjẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí ẹ̀rọ náà fi gbé ìwé yẹn mì padà! Mo ní ó tún ti ń jẹ ẹ́ o! Ó tún yọ ọ́ jáde, ọmọ mi ti ń pupa. Ó gbé e mì, ó tún yọ ọ́, àwọ̀ tó yẹ kí ó jẹ́ ló jẹ́ báyìí. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi nǹkan tó ń dán bò ó lójú, ó wá tu ú sílẹ̀ pátápátá. Fọ́tò tó rẹwà, tó gbẹ, tí ọwọ́ kò lè nù kúrò.

Ní gbogbo àkókò yìí, Àǹtí Ṣadé ṣì wà lórí fóònù. Wọ́n ní, "Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń wọlé. Ṣé ẹ ò ka ìwé inú páálí ni?" Mo tọrọ àforíjì. Rónkẹ́ ti dorí kodò sórí àga, ẹ̀rín ń pa á.

Mo kó fọ́tò tó lé ní igba sínú káàdì yẹn. Ìgbà tí Dámilọ́lá wọ ilé ìwé, ìgbà tí Tìmílẹ́yìn àbúrò rẹ̀ kọ́ ìrìn, ọjọ́ ìbí, ọdún, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ọjọ́ Sátidé tí ọjọ́ ìbí Màámi bọ́ sí, gbogbo wa gba expressway lọ sí Eleko. Màámi wọ aṣọ funfun wọn, àwọn ará ìjọ wọn bíi mélòó kan ti wá gbàdúrà fún wọn láàárọ̀, Ìyá Abọ́sẹ̀dé tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ṣì jókòó. A jẹun tán, mo gbé ẹ̀rọ jáde. Mo so ó mọ́ iná, mo ṣàlàyé fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù bí wọ́n bá rí yẹ́lò. Fọ́tò Dámilọ́lá àti Tìmílẹ́yìn jáde, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́!

Màámi fi ìka méjì mú u ní etí. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé gbogbo àwọn tó kù náà ló wà nínú nǹkan pẹlẹbẹ tí mo kì bọ̀ ọ́ yẹn?

Mo ní, "Igba ó lé, Màámi! Ẹ ò tún ní máa retí wa mọ́. Bí ẹ bá ti fẹ́ rí àwọn ọmọ, ẹ kàn tẹ ibí yìí!"

Màámi ní ó dáa. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní ọwọ́ mi kò ní wálẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ẹja tó wà lórí iná. Wọn ò sì wọlé títí a fi ń múra àtilọ.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, èmi ń súfèé. Rónkẹ́ ní òun ò rí ayọ̀ lójú Màámi. Mo ní ayọ̀ ló pọ̀ jù tí kò jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo pè wọ́n, mo ní ṣé wọ́n ń tẹ fọ́tò? Wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún pè. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, kí n kí ìyàwó. Wọ́n ti pa fóònù. Wọn ò bèèrè fọ́tò lọ́wọ́ mi mọ́ rárá, mo sì ń yọ̀ pé ẹ̀bùn mi ṣiṣẹ́!

Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Igbó Ẹfọ̀n, mo kàn rí Ìyá Abọ́sẹ̀dé tí wọ́n wọlé pẹ̀lú báàgì kan. Wọ́n gbé e sórí tábìlì mi. Mo tú u. Ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò ni, wọ́n fi táwẹ́lì wé e bí ọmọ tuntun.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ní Màámi ní kí àwọn gbé e fún mi. Wọ́n ní Màámi dúpẹ́, àmọ́ kí n gba ẹrù mi.

Mi ò gbọ́ ọ yé. Mo ní ṣé ó bàjẹ́ ni? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Mo yẹ ìwé inú rẹ̀ wò. Yàtọ̀ sí èyí tí mo fi dán an wò nílé àti ẹyọ kan tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ lọ́jọ́ ìbí, kò sí ìkankan tí wọ́n lò! Mo so ó mọ́ iná lójú wọn, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ló wá dé? Àbí iná ni kò tó? Àbí ẹnì kan ló sọ nǹkan fún wọn?

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìwà hù. Mo bi Ìyá Abọ́sẹ̀dé bóyá wòlíì kan ló ríran sí ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ojú ìyá yẹn le koko. Wọ́n ní, "Ṣẹ́gun, ìran wo? Ta ni kò ríṣẹ́ ṣe, tó ń ríran sí pírìntà?" Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n gbé báàgì wọn. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní bí mo bá fẹ́ mọ̀dí ọ̀rọ̀, ọ̀nà Eleko kò tíì dí.

Mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sílé, mo rò fún Rónkẹ́. Ó jókòó tì mí. Ó ní kí òun bi mí ní nǹkan kan. Ìgbà wo la lọ sí Eleko kẹ́yìn, ṣáájú ọjọ́ ìbí yẹn?

Mo ronú. Mo ní ó ti tó oṣù mẹ́rin.

"Kí la lọ ṣe?"

"A lọ fún wọn ní fọ́tò ọdún."

"Èyí tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́?"

Mo ní ìgbà tí Tìmílẹ́yìn kọ́ ìrìn ni, a lọ fún wọn ní fọ́tò. Rónkẹ́ ń wò mí bí olùkọ́ tó ń dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Kò tíì yé mi síbẹ̀! Mo ní ṣé Màámi fẹ́ràn fọ́tò bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ju ti ẹ̀rọ yìí lọ ni? Ìyàwó mi dìde, ó lọ dáná.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, èmi nìkan gba Eleko lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá Màámi, wọ́n ń yí ẹja lórí ààrò. Wọn ò bi mí pé kí ló gbé mi wá. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi, mo jókòó.

Mo ní, "Màámi, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ dá ẹ̀bùn mi padà."

Wọ́n yí ẹja bíi mẹ́ta kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Ìwọ lo ní mi ò ní retí yín mọ́."

Mo ní, "Èmi?"

"O sọ ọ́ lójú Ìyá Abọ́sẹ̀dé. O ní kí n kàn máa tẹ ibì kan."

"Màámi, mo fẹ́ kí ó rọrùn fún yín ni."

Wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń yí ẹja sílẹ̀, wọ́n kọjú sí mi. "Ta ló sọ fún ọ pé kò rọrùn? Bí mo bá ní kí o wá kí mi, o ó ní iṣẹ́ pọ̀. Bí mo bá ní mo fẹ́ fọ́tò, o ó mú un wá. Rónkẹ́ á bá ọ wá, àwọn ọmọ á sáré lórí yanrìn yẹn títí á fi rẹ̀ wọ́n, nígbà míì ẹ ó sùn. Òun ni mo ṣe ń bèèrè fọ́tò. O wá lọ gbé ẹ̀rọ wá, kí n jókòó síbí, kí n máa tẹ̀ yín jáde."

Èmi ọkùnrin tó ti ń lọ sí ogójì ọdún, omi ti kún mi lójú. Mo nù ún, mo ní èéfín ni. Màámi ní èéfín kò fẹ́ sí apá ibi tí mo wà.

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ jẹ́. Mo ní kí ni kí n ṣe sí ẹ̀rọ yẹn báyìí, ṣé kí n tà á? Wọ́n ní kí n má tà á, pé ó ń tẹ fọ́tò dáadáa. Kí n fi í sílé mi, kí n máa tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí n máa fẹsẹ̀ ara mi gbé e wá.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ń múra láti dìde, ni wọ́n bá ní, "Ó ku ọ̀kan."

Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn tí a lọ tán, àwọn jókòó ti ẹ̀rọ náà. Àwọn ń tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣí fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe fi han àwọn, àwọn wo gbogbo rẹ̀ pátá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní Dámilọ́lá wà níbẹ̀, Tìmílẹ́yìn wà níbẹ̀, Rónkẹ́ náà wà níbẹ̀.

"Ọmọ tèmi dà?"

Mi ò kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Màámi kò bímọ. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè tí mo rí bí wọ́n ṣe ń wò mí, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Èmi ni mo máa ń di fóònù mú, èmi ni mo ń ya gbogbo wọn. Nínú fọ́tò tó lé ní igba, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tí mo wà nínú rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ń wá láti ọjọ́ yìí.

Oṣù mẹ́fà ti lọ báyìí. Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, a máa ń tẹ fọ́tò mẹ́rin tàbí márùn-ún nílé, a ó sì gbé wọn lọ sí Eleko. Oṣù kan wà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lè lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Màámi pè mí, wọn ò sọ̀rọ̀ fọ́tò rárá. Wọ́n ní, "Ṣẹ́gun, mò ń retí yín o." Mo lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Rónkẹ́ ló ń di fóònù mú báyìí, ó sì ti ya èmi àti Màámi pọ̀ níwájú ààrò. Màámi yọ fọ́tò kan kúrò láàárín ògiri pálọ̀ wọn, wọ́n fi ìyẹn síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí fún ẹnìkan, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú fóònù tó ń lò, kí ẹ wò ó bóyá iná wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ka ìwé inú páálí kí ẹ tó pe olùtajà láti bú u! Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni pé mo náwó, mo rìn, mo dààmú ọ̀sẹ̀ méjì lórí irú ẹ̀rọ tí mo máa rà, mi ò sì fi ìṣẹ́jú kan bi Màámi léèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti fún ẹnìkan ní ẹ̀bùn rí tí kò gbà, tí ẹ ò sì mọ ìdí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ bá mi ronú kan ẹni yẹn tó máa ń bèèrè ohun kan náà lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é. Ṣé ó dá yín lójú pé ohun yẹn ló ń bèèrè?